Spy++: irinṣẹ́ tó ń fi inú dialog hàn bí Windows fúnra rẹ̀ ṣe rí i

Dialog (fèrèsé kékeré tí ètò fi ń bá ẹni tó ń lò ó sọ̀rọ̀) tó wà nínú fáìlì .rc, níbi tí a ti ń kọ bí ó ṣe máa rí, àti èyí tó jáde sójú kọ̀ǹpútà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ lè ti kọ WS_TABSTOP (àmì tó ń jẹ́ kí Tab lè dé orí nǹkan) sára bọ́tìnnì kan, kí kóòdù ibòmíràn ti yọ ọ́ kúrò láìjẹ́ pé ẹ fura. Ẹ lè ti fún àpótí ìkọ̀wé méjì ní nọ́ńbà kan náà, kí GetDlgItem, iṣẹ́ tó ń fi nọ́ńbà wá nǹkan inú dialog, máa mú èyí àkọ́kọ́ fún yín ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì máa bínú sí èkejì pé kò gbọ́ràn. Tí ẹ bá ka kóòdù látòkè délẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ó lè má tú àṣírí irú nǹkan báyìí. Ohun tó ń tú u ni kí a bi Windows léèrè pé: kí ni ìwọ mọ̀ nípa fèrèsé yìí? Spy++ ló ń bá wa bi í. Kò lẹ́wà lójú, kò sì yí padà púpọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ fún ẹni tó ń fi Win32, MFC tàbí Windows Forms (ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń kọ ètò Windows) kọ ètò, òun ṣì ni irinṣẹ́ tó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣí nígbà tí dialog bá ń ṣe ségesège.

A kì í dá a rà lọ́tọ̀. Inú Visual Studio ló wà, títí kan ẹ̀dà Community tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Tí ẹ kò bá rí i nínú mẹ́nù Tools, ẹ padà sínú Visual Studio Installer kí ẹ yan "Desktop development with C++", yóò bá a wọlé. Fódà rẹ̀ ni Common7\Tools, lábẹ́ fódà tí Visual Studio fúnra rẹ̀ wà. Ẹ máa bá fáìlì méjì níbẹ̀: spyxx.exe àti spyxx_amd64.exe.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé irinṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́. spyxx.exe jẹ́ 32-bit. Ó máa to fèrèsé ètò 64-bit sójú fún yín, ẹ máa rí orúkọ wọn, ẹ máa rí style wọn (àwọn àmì tó ń sọ ìrísí àti ìṣe wọn), gbogbo rẹ̀ á dà bí ẹni pé kò síṣòro. Ìgbà tí ẹ bá ní kí ó ka message (iṣẹ́ tí a ń rán sí fèrèsé) tí fèrèsé náà ń gbà ni ojú ewé á ṣófo. Ìdí ni pé hook (ìkọ́ tí a fi ń yọ́ wo message bó ṣe ń kọjá) ló fi ń tẹ́tí sí message, hook náà sì ní láti gbé DLL kan (fáìlì kóòdù tí ètò mìíràn ń lò) wọ inú ètò tí ẹ ń wò. DLL 32-bit kò lè wọ inú ètò 64-bit. Nítorí náà, tí ẹ kò bá mọ irú èyí tí ètò náà jẹ́, ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Details, ẹ fi òpó Platform kún àwọn òpó rẹ̀, ó máa sọ fún yín bóyá 32 ni tàbí 64. Ẹ wá ṣí Spy++ tó bá a mu.

Kòtò kejì jọ ti àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ló yàtọ̀. Láti ìgbà Windows Vista, ètò tí kò ní àṣẹ administrator kò lè fi hook kan èyí tó ní in. Tí ètò tí ẹ ń yẹ̀ wò bá béèrè àṣẹ yẹn nígbà tó ń ṣí, àfi kí ẹ ṣí Spy++ náà pẹ̀lú "Run as administrator". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfìfo lẹ máa rí, kò sì ní sí àṣìṣe kankan tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Èyí jẹ́ àbùkù gidi. Irinṣẹ́ tí a ṣe láti tú àṣírí kò yẹ kó máa dákẹ́ lórí ohun tó dí òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀nà tó yá jù láti lò ó ni Ctrl+F. Àpótí Find Window á jáde, àmì kan tó dà bí ohun tí ọlọ́fà fi ń fojú sun nǹkan wà nínú rẹ̀, Finder Tool ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi máòsì wọ́ ọ lọ sórí control (bọ́tìnnì, àpótí ìkọ̀wé àti irú wọn) tí ẹ fẹ́ mọ̀, ìlà dúdú á yí control náà ká, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ fàmì sí Hide Spy++ kí irinṣẹ́ náà má baà bo ohun tí ẹ ń wá. Ẹ yan Properties, ẹ tẹ OK. Ojú ewé márùn-ún ló máa ṣí: General, Styles, Windows, Class àti Process. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ń yanjú ọ̀ràn dialog. Èyí tó kẹ́yìn kàn ń sọ ètò àti thread (okùn iṣẹ́ inú ètò) tó ni fèrèsé náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀sùn kan tó wọ́pọ̀, ká fojú ara wa rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo ètò ṣí dialog kan, ó pa á, láti ìgbà yẹn fèrèsé ńlá kò gba títẹ̀ mọ́. Kò kú o: aago tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ka ìṣẹ́jú, Task Manager kò sì sọ pé kò dáhùn. Máòsì àti kíbọọ̀dù nìkan ni kò wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá thread tó há, wọ́n á fi debugger da kóòdù rú. Kò sídìí fún wàhálà yẹn. Ẹ gbé Finder sórí fèrèsé ńlá náà, ẹ ṣí Styles. Tí WS_DISABLED bá wà nínú àkójọ, tí 8 sì wà nínú ìdá kejì nọ́ńbà style náà láti apá òsì, bíi 1CCF0000 (C níbẹ̀ jẹ́ 12, ìyẹn 8 àti 4) tàbí irú rẹ̀ tó ní 08000000 nínú, ẹ ti rí olè náà mú. Ẹnì kan ti ti fèrèsé ńlá pa, kò sì rántí láti ṣí i padà.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? DialogBox máa ń ti ẹni tó ni dialog pa kó tó ṣí dialog, ó sì máa ń ṣí i padà nígbà tí EndDialog bá ti parí iṣẹ́. Ẹni tó bá lo CreateDialog, tó wá fẹ́ kó dà bíi modal (dialog tó ń ti fèrèsé ńlá pa títí yóò fi parí), ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ pe EnableWindow(hOwner, FALSE). Ọ̀nà tí dialog náà lè gbà pa lè tó mẹ́ta: OK, Cancel, àti àmì X tó wà lókè. Tí EnableWindow(hOwner, TRUE) bá wà nínú méjì péré, ẹ̀sùn tí a sọ lókè ló máa yọrí sí, ó sì máa ń ṣòro láti rí torí pé olùkọ kóòdù kì í fi X dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Títò wọn náà ṣe pàtàkì: ẹ ṣí ẹni tó ni dialog kí ẹ tó pe DestroyWindow. Tí ẹ bá pa dialog kí ẹ tó ṣí i, Windows kò ní rí fèrèsé yín tó ṣeé gbé síwájú, ètò ẹlòmíràn á bọ́ síwájú ní ojú kọ̀ǹpútà, tiyín á sì wọ ẹ̀yìn lọ.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Dialog tí a fi CreateDialog ṣí, tí a wá fi EndDialog pa, kì í kú. Ó kàn ń farapamọ́ ni. Ẹ ṣí ojú ewé Windows nínú Spy++, ẹ wá #32770 (Dialog), ìyẹn orúkọ class (irú fèrèsé) gbogbo dialog tí kò ní class tirẹ̀. Fèrèsé tó farapamọ́ máa ń ní àmì tó ràwọ̀ nínú igi náà. Ẹ ṣí dialog, ẹ pa á, ẹ tẹ F5. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí #32770 tó ràwọ̀ bá ń pọ̀ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ti mọ ibi tí handle yín (nọ́ńbà tí Windows fi ń mọ fèrèsé kọ̀ọ̀kan) ń bá lọ. Modal gba EndDialog, modeless (èyí tí kì í ti fèrèsé ńlá pa) gba DestroyWindow. Ẹ má gbàgbé F5 yẹn: igi Spy++ kì í sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, ohun tó wà nígbà tí ẹ ṣí i ló ń fi hàn yín. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wo fèrèsé tó ti kú láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, á sì máa rò pé ó ṣì wà.

Ojú ewé Windows nínú Properties ló ń dáhùn ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń béèrè nípa dialog tó ń sápamọ́ sẹ́yìn fèrèsé ńlá. Ẹ wo Owner Window. Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, NULL ni ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí hWndParent. Dialog tí kò lólúwa kò sí lábẹ́ fèrèsé kankan, kò sì sí ìdí tí yóò fi máa wà lókè rẹ̀. MessageBox náà ń jìyà ohun kan náà.

Nínú General, ohun tí ojú yín yóò máa wá jù ni Control ID. Hexadecimal (ìkà onímẹ́rìndínlógún) ló ń kọ ọ́, nígbà tí resource.h ń lo nọ́ńbà tí a mọ̀, nítorí náà 3E9 nínú Spy++ ni 1001 inú resource.h. Tí control méjì nínú dialog kan bá ní nọ́ńbà kan náà, ibẹ̀ ló ti máa hàn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn méjì bá fi control kún dialog kan náà lẹ́yìn tí wọ́n ti pín kóòdù, tí wọ́n wá so ó pọ̀.

Nípa Styles, ohun kan wà tí kò yẹ kó rú yín lójú: 00010000 lára fèrèsé ńlá ni WS_MAXIMIZEBOX, nọ́ńbà kan náà lára control inú dialog ni WS_TABSTOP. 00020000 náà rí bẹ́ẹ̀: WS_MINIMIZEBOX lọ́hùn-ún, WS_GROUP níhìn-ín. WS_GROUP yìí ló sì ń fa wàhálà bọ́tìnnì rédíò. Bọ́tìnnì rédíò àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní in, àwọn tó tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ ní in, control tó bá sì wà lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní in kí ẹgbẹ́ náà lè mọ ibi tí òun parí sí. Tí títẹ rédíò kan bá ń pa rédíò ẹgbẹ́ mìíràn, ohun tó sọnù nìyẹn. Tí rédíò méjì bá sì ń tàn pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ wò ó bóyá BS_RADIOBUTTON ni ẹ lò dípò BS_AUTORADIOBUTTON, nítorí ti àkọ́kọ́ kì í pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Igi Spy++ wúlò púpọ̀ níbí: bí ó ṣe to àwọn control láti òkè wá sílẹ̀ ni Tab àti ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé, ẹ ò ní láti máa rò ó.

Àwọn dialog kan wà tí kì í jáde rárá. DialogBoxParam á dá -1 padà, ojú kọ̀ǹpútà á sì wà bó ṣe wà. Spy++ kò lè wo ohun tí kò sí, nítorí náà GetLastError ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kí iṣẹ́ mìíràn tó gbé nọ́ńbà rẹ̀ sọnù. 1813 àti 1814 ń sọ pé kò rí resource náà (àpẹẹrẹ dialog inú fáìlì ètò): nọ́ńbà dialog kò tọ̀nà, tàbí HINSTANCE ti .exe ni ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí dialog wà nínú DLL. 1407 ń sọ pé class kan kò tíì sí. Ẹni tó máa ń jẹ̀bi ni RICHEDIT50W tí ẹnikẹ́ni kò pe LoadLibrary lórí Msftedit.dll fún, tàbí SysDateTimePick32 tí InitCommonControlsEx kò fi ICC_DATE_CLASSES ṣí ọ̀nà fún, tàbí SysLink nínú ètò tí manifest rẹ̀ kò béèrè fún ẹ̀dà 6 ti comctl32.

Tí control inú dialog bá tó ogójì, èwo ló jẹ̀bi nínú wọn? Ọgbọ́n kan wà tó ń mú Spy++ padà sínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi DS_NOFAILCREATE, tí iye rẹ̀ jẹ́ 0x10, kún style dialog nínú .rc fún ìgbà díẹ̀. Windows á ṣí dialog bó tilẹ̀ jẹ́ pé control kan kọ̀. Ẹ gbé Finder sórí dialog náà, ẹ wo àwọn ọmọ rẹ̀ nínú igi, ẹ fi wéra pẹ̀lú .rc. Èyí tó wà nínú .rc tí kò sí nínú igi ni arúfin. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ yọ DS_NOFAILCREATE kúrò, nítorí dialog tó jáde ní àbọ̀ sàn jù láti rí lórí kọ̀ǹpútà olùkọ kóòdù ju lórí ti ẹni tó ń lò ó lọ.

Ibi tí Spy++ ti dá yàtọ̀ sí gbogbo irinṣẹ́ mìíràn ni kíka message. Ẹ tẹ Ctrl+M, ẹ fi Finder mú fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tẹ OK. Tí ẹ bá tẹ ẹ́ báyìí, WM_MOUSEMOVE, WM_NCHITTEST àti WM_SETCURSOR á rọ́ dé bí òjò, ohun tí ẹ ń wá á sì bọ́ sínú omi. Ẹ lọ sí Messages, ẹ tẹ Clear All, ẹ wá yan kìkì èyí tí ẹ nílò. Fún ọ̀ràn Tab àti Enter, WM_KEYDOWN, WM_CHAR, WM_GETDLGCODE, WM_COMMAND, WM_SETFOCUS àti WM_KILLFOCUS ti tó. Nínú ojú ewé Windows, ẹ fàmì sí Children kí ẹ lè gbọ́ ti control inú dialog náà.

Ohun tó máa jáde rí báyìí:

<00041> 000B07D2 P WM_KEYDOWN nVirtKey:VK_TAB
<00042> 000B07D2 S WM_GETDLGCODE
<00043> 000B07D2 R WM_GETDLGCODE

Mo gé ìrù àwọn ìlà náà kúrò, wọ́n gùn ju báyìí lọ. Nọ́ńbà kejì ni handle fèrèsé tó gba message. P túmọ̀ sí pé a jù ú sínú ìtò pẹ̀lú PostMessage, S pé a rán an tààrà tí olùránṣẹ́ sì ń dúró de èsì, R ni èsì náà. Ìlà mẹ́ta yìí ní ìtàn tó pọ̀ nínú. Nígbà tí ẹnì kan bá tẹ Tab, IsDialogMessage ló máa ń bi control náà pé irú bọ́tìnnì kíbọọ̀dù wo lo fẹ́ fún ara rẹ? Ìbéèrè yẹn ni WM_GETDLGCODE. Nítorí náà, tí Tab kò bá ṣiṣẹ́ nínú modeless dialog yín, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé WM_KEYDOWN. Tí WM_GETDLGCODE kò bá sí, tó jẹ́ pé WM_CHAR tó gbé 9 dání ló jáde, IsDialogMessage kò sí nínú ìyípo message yín. Ẹ fi síbẹ̀ ṣáájú TranslateMessage, ẹ sì ti gbà á padà. Tí WM_GETDLGCODE bá wà, tí focus (ibi tí kíbọọ̀dù ń kọ sí) kò sì kúrò lójú kan, control náà ló gba Tab fún ara rẹ̀, tàbí kò sí ẹlòmíràn tó ní WS_TABSTOP.

Àìsàn kejì tí ojú ewé yìí ń tú àṣírí rẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: ẹ tẹ Tab, ètò dì gbagidi, CPU kan sì lọ sókè pátápátá. Nínú Spy++, WM_GETDLGCODE á máa tú jáde láìdúró, handle méjì tàbí mẹ́ta kan náà ni yóò sì máa yípo láàárín wọn. Tí ẹ bá rí èyí, ẹ má wá nǹkan mìíràn kiri. Dialog kan wà nínú dialog mìíràn, ti inú kò sì ní WS_EX_CONTROLPARENT. Windows ń wá control tó kàn lẹ́yìn èyí tó ní focus. Ó ń yí àwọn ọmọ dialog ìta ká títí yóò fi padà kan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ wà nínú dialog inú, kò sì sí àmì tó ní kí ó wọ ibẹ̀. Kò ní dé ibẹ̀ láé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dúró. Nínú .rc, ẹ kọ DS_CONTROL àti WS_CHILD sínú STYLE dialog inú, ẹ sì kọ WS_EX_CONTROLPARENT sínú EXSTYLE rẹ̀. Ẹ padà sí Properties láti rí i pé ó hàn lára extended style lóòótọ́. 00010000 tún ni iye rẹ̀, apá extended ló wà.

Ìjánu kíbọọ̀dù lè já lọ́nà mìíràn tó rọrùn ju ìyẹn lọ: kóòdù yín ti bọ́tìnnì tó ní focus pa lẹ́yìn tí ẹni náà tẹ̀ ẹ́. Focus wà lára ohun tí kò gba nǹkan mọ́, Tab àti Enter kò sì ní ibi tí wọn yóò lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi WM_NEXTDLGCTL gbé focus kúrò kí ẹ tó pe EnableWindow. SetFocus nìkan kò tó nínú dialog, kì í gbé ìlà dúdú bọ́tìnnì default kúrò níbi tó wà.

Nípa Enter: tí ẹni tó ń kọ̀wé nínú àpótí ìkọ̀wé bá tẹ Enter tí dialog sì pa, log á fi WM_COMMAND tí wID rẹ̀ jẹ́ 1 hàn, IDOK nìyẹn. Àpótí onílà púpọ̀ nílò ES_WANTRETURN, tí í ṣe 0x1000, kí Enter lè jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ ò lè fi Finder mú WM_INITDIALOG (message tí dialog fi ń múra sílẹ̀), nítorí dialog kò tíì sí nígbà tí ẹ ń fi Finder wá a, ọjọ́ tí ẹ bá sì ṣí i padà, handle tuntun ló máa gbà. Ẹ lo ojú ewé Threads: ẹ wá ètò yín, ẹ yan thread tó ni fèrèsé ńlá, ẹ ní kí Spy++ ka message gbogbo thread náà, kí ẹ tó wá ṣí dialog. Ọ̀nà yìí ló ń fi hàn pé EN_CHANGE lè ṣáájú WM_INITDIALOG dé. Up-down (ọfà méjì tí a fi ń pọ̀ tàbí dín nọ́ńbà) tó ní UDS_AUTOBUDDY àti UDS_SETBUDDYINT máa ń kọ nọ́ńbà sínú àpótí tó wà ṣáájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí a dá a, àpótí náà sì ń ké sí dialog pé ọ̀rọ̀ inú òun ti yí padà. Kóòdù tó ń gba EN_CHANGE yẹn á lọ fọwọ́ kan nǹkan tí WM_INITDIALOG kò tíì pèsè, ètò á ṣubú. Ẹ fi àmì kan sínú kóòdù yín tó ń sọ pé a ti ṣe tán, kí EN_CHANGE máa wò ó kó tó ṣe ohunkóhun. Lórí up-down kan náà: tí ọfà òkè bá ń dín nọ́ńbà kù, ẹ kò tíì fi UDM_SETRANGE32 fún un ní ààlà, 100 ni ó kéré jù tí 0 sì pọ̀ jù nínú èyí tó bá a wáyé.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò gba àkókò. Tí ẹ bá ń gba WM_CTLCOLOREDIT tí àpótí kan kọ̀ láti yí àwọ̀ padà, ẹ wò ó nínú log: àpótí tí a tì pa tàbí tó jẹ́ read-only ń rán WM_CTLCOLORSTATIC. Static (ọ̀rọ̀ lásán inú dialog) tí kò gba títẹ̀ sì nílò SS_NOTIFY.

Ní báyìí, ibi tí irinṣẹ́ yìí ti kù sí. WM_NOTIFY ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi sùn ún. Fún list view, tree view àti tab, WM_NOTIFY ni gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Spy++ kàn ń fi nọ́ńbà control àti adírẹ́sì NMHDR (ibi tí àlàyé ọ̀rọ̀ náà wà) hàn ni. Kò ṣí i láti sọ bóyá LVN_ITEMCHANGED ni tàbí NM_DBLCLK. Ẹ máa ní láti fi debugger dúró nínú kóòdù tiyín kí ẹ tó mọ̀. Èkejì, ó ń wò, kò lè fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá fẹ́ yọ WS_DISABLED kúrò lójú ẹsẹ̀ láti dán nǹkan wò, WinSpy++ tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ń ṣe èyí, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ní i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, message tí kóòdù bá fi CallWindowProc tàbí DefWindowProc pe tààrà kì í gba ọ̀nà hook kọjá, kò ní sí nínú log. Kí ẹ má rò pé kò ṣẹlẹ̀.

Èyí tó tóbi jù ni pé HWND (fèrèsé tó ní handle tirẹ̀) nìkan ló mọ̀. Ẹ gbé Finder sórí bọ́tìnnì inú ètò WPF (ọ̀nà mìíràn tí a fi ń kọ ètò Windows), gbogbo fèrèsé náà ni ìlà dúdú á yíká, class tí ẹ máa rí á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HwndWrapper. Ètò tí a fi Electron kọ á ní Chrome_WidgetWin_1. Lójú Windows, control inú wọn kò sí rárá. Àwòrán lásán ni wọ́n lórí fèrèsé kan ṣoṣo. Fún WPF, Live Visual Tree inú Visual Studio ni kí ẹ lò. Fún àwọn yòókù, Inspect.exe tó wà nínú Windows SDK ń gba ọ̀nà UI Automation wọlé, Accessibility Insights for Windows sì ń ṣe irú iṣẹ́ náà pẹ̀lú ojú tó rọrùn ju ti Inspect lọ. Inspect wúlò fún Win32 pàápàá ní ibì kan: ó ń sọ orúkọ tí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú máa pe control. Tí àpótí ìkọ̀wé kò bá lórúkọ níbẹ̀, static tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ kò sí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an nínú ìtò. Ẹ gbé e ṣáájú àpótí náà nínú .rc, ó tán.

Fún Win32 àti MFC, mo fún Spy++ ní 8 nínú 10. WM_NOTIFY àti àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí hook kò wọlé ló gba 2 yẹn lọ. Fún Windows Forms, 7: class wọn máa ń gùn, bíi WindowsForms10.EDIT tí ìrù rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n style àti message hàn kedere. Fún WPF àti Electron, kí ẹ má tilẹ̀ ṣí i.

Tí ẹ bá ti rí ohun tí ẹ ń wá, ẹ fi log náà pamọ́ sínú fáìlì, kí ẹ so ó mọ́ ìròyìn àṣìṣe náà, kí ẹ sì dá kíka message dúró kí ẹ tó wọn bí ètò ṣe yára tó. Hook tó wà lórí gbogbo message thread kan ń fa ẹsẹ̀ ètò náà sẹ́yìn, iye tí ẹ bá wọ̀n nígbà tó ṣì wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ètò yín nìkan.